Àárọ̀ Tí Kóòṣì Dákẹ́

Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ku díẹ̀ nígbà tí fóònù Kóòṣì dún. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé àlejò tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sùn sí, ó ń ka àwọn ọmọbìnrin náà bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì. Mọ́kànlá ni wọ́n, gbogbo wọn ga bí òpó iná, àfi ẹnì kan. Wọ́n ti rin ìrìn wákàtí mẹ́fà lánàá kí wọ́n lè wá gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n pẹ̀lú kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì lù nílé láti ọdún mẹ́ta.

Ẹni tó pè é ni ẹ̀gbọ́n olórí ẹgbẹ́ náà, ọkùnrin kan tó ń tún fíríìjì ṣe.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àbúrò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín?"

"Rárá, ó ti wọ bọ́ọ̀sì. Kí ló dé?"

"Màmá wa ti lọ, sà. Ní nǹkan bí agogo mẹ́fà. Ibi iṣẹ́ ló wà, ó ń to búrẹ́dì, ó kàn ṣubú. Kò ṣàìsàn, kò ṣe nǹkan kan." Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un. Ọ̀nà yẹn jìn. Ẹ jẹ́ kó délé kó tó gbọ́, kó gbọ́ ọ lẹ́nu wa."

Kóòṣì kí i kú ara fẹ́ra kù, ó ní òun ti gbọ́, òun ò ní í sọ.

Àpò aṣọ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Òfin rẹ̀ ni pé láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, gbogbo fóònù gbọ́dọ̀ wọ inú àpò yẹn títí eré á fi parí, kí ọkàn ẹnikẹ́ni má bàa pín sí méjì. Fóònù mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń gbọ̀n rìrì, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ó wọ bọ́ọ̀sì. Awakọ̀ ń pariwo pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ tẹ orí ba! Orí yín nìkan ni mò ń rí nínú díńgí, mi ò rí ẹ̀yìn mọ́tò mọ́!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tí ẹ̀rín tirẹ̀ ròkè jù ni olórí ẹgbẹ́.

Àgbà ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ọdún méjìlélógún péré ni, ṣùgbọ́n òun nìkan ló wà ní ọdún tó kẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè lọ, ó wá ku òun àti ọmọ mẹ́wàá tí wọn ò tíì ju ọdún kìíní àti ìkejì lọ. Bí eré, bí òótọ́, "ẹ̀yin" ni wọ́n ń fi bá a sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá sì ju bọ́ọ̀lù síbi tí kò yẹ, wọ́n á figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Àgbà, orí ọmọ tuntun ti wọ́ o!" Àgbà á sáré wá tún un ṣe. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Títí bọ́ọ̀sì fi dé pápá, Kóòṣì ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, ó ti kọ́ni ní bọ́ọ̀lù fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kì í ṣe ẹni burúkú. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹbí ló ní kí òun dákẹ́, òun sì ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹbí ò ní kó fi ọmọ náà sínú pápá. Ó lè ní kó jókòó, kó ní òun fẹ́ dán ẹlòmíràn wò. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Nígbà tó di pé kó ka orúkọ àwọn márùn-ún tó máa kọ́kọ́ wọlé, orúkọ Àgbà ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn, kí a má purọ́. Ó ń fò, ó ń já bọ́ọ̀lù gbà, ó ń fi ìka tọ́ka sí ibi tí oníkálukú máa dúró sí. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, wọ́n ti fi àmì mọ́kànlá ṣíwájú, gbogbo èrò ilé ìdíje náà sì ti dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀.

Ibẹ̀ ni àwọn onílé ti tú sí wọn lára bí oyin. Ojora mú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Tínńtín, ẹni kúkúrú àárín wọn, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú, sọ ọ́ nù lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú péú, mọ́kànlá ti di méje, méje ti di méjì. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá méjì, àwọn onílé ti ní mọ́kànlélọ́gọ́ta, wọ́n sì ti fi ẹyọ kan ṣoṣo ṣíwájú.

Wọ́n ti Àgbà ṣubú nígbà tó ń fò lọ sídìí àwọ̀n. Rẹfirí fún un ní bọ́ọ̀lù méjì láti jù láìsí ẹni tó máa dí i lọ́wọ́. Bí ẹyọ kan bá wọlé, ọ̀mì ni. Bí méjèèjì bá wọlé, wọ́n borí. Látìgbà tí ìdíje ọdún náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ti tàsé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó yíjú sí Kóòṣì, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣẹ́jú sí i bí ẹni ń sọ pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀."

Kóòṣì wo bàtà ara rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù kìíní gbá irin, ó ta sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìkejì yí lórí irin náà lẹ́ẹ̀mejì, ó já bọ́ síta.

Nínú bọ́ọ̀sì, ẹkún ń sọ níwá, ó ń sọ lẹ́yìn. Wọ́n béèrè fóònù wọn lọ́wọ́ Kóòṣì, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn délé ná. Wọ́n kùn díẹ̀. Tínńtín ti fi jẹ́sì bo ojú. Àgbà fi ara rẹ̀ sáàárín Tínńtín àti Gogoro, ọmọ tó ga jù nínú wọn, ó gbá àwọn méjèèjì mọ́ra.

"Ó tó gẹ́ẹ́," ó wí. "Èmi ni mo ju méjì tí méjèèjì tàsé, mi ò sunkún. Kí lẹ ń sunkún fún? Ṣé ènìyàn kú ni?"

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. Kóòṣì tó jókòó níwájú gbọ́ ọ ketekete. Ó yí ojú sí fèrèsé, kò sì yí i kúrò níbẹ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ ibùsọ̀.

Oòrùn ń wọ̀ lọ nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ̀gbọ́n Àgbà ti ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó fi ń kó irinṣẹ́. Kóòṣì rí i, ó sì pinnu pé òun máa mú ọmọ náà lọ bá a kí òun tó pín fóònù. Ṣùgbọ́n Gogoro ti gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ń pín in bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Orí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì ni Àgbà wà nígbà tó tan tirẹ̀. Ìpè mẹ́tàdínlógún ló ti wọlé tí kò gbé. Lábẹ́ rẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ obìnrin aládùúgbò wọn: Ẹ kú ara fẹ́ra kù o, ọmọ mi. Ọlọ́run á tù yín nínú.

"Bọ̀dá," ó wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń bọ̀ wá bá a, "kí ni wọ́n ń kí mi fún?"

Ẹ̀gbọ́n náà ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ fò lọ. "Màmá ni," ló lè sọ.

Àgbà jókòó sórí àtẹ̀gùn náà. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò lè sọ̀ kalẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kó dìde. Ó bèèrè ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní agogo mẹ́fà.

"Agogo mẹ́fà àárọ̀ yìí? Kí ló dé tẹ́ ẹ kò pè mí?"

"A pè ẹ́, o ò gbé e. Ìgbà yẹn ni mo pe Kóòṣì. Èmi ni mo ní kí wọ́n má tíì sọ fún ẹ, àbúrò mi. Ọ̀nà jìn. Ẹ̀rù ń bà mí."

Àgbà gbójú sókè, ó sì wo Kóòṣì. Kò pariwo.

"Ẹ mọ̀ nígbà tí mo ń jù ú?"

"Mo mọ̀," ni Kóòṣì wí.

Wọ́n sin ìyá náà lọ́jọ́ kẹta. Gbogbo ẹgbẹ́ lọ, wọ́n dúró sẹ́yìn nínú aṣọ dúdú tí kò bá ẹlòmíràn nínú wọn mu. Kóòṣì náà lọ. Ó kí bàbá Àgbà, káfíńtà kan tí àrùn oríkèé ti mú kí ìka ọwọ́ rẹ̀ wú. Àgbà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Ó wo gbogbo ẹni tó wá, àfi ẹnì kan.

Àgbà ò padà sí pápá mọ́, láti ìgbà náà ni nǹkan ò sì ti gún fún ẹgbẹ́ yìí mọ́. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n lù wọ́n lẹ́ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin. Àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, ilé ara wọn ni wọ́n ti fi àmì méjìlélógún nà wọ́n. Kì í ṣe pé wọn ò lágbára. Bí Kóòṣì bá ní kí wọ́n lọ sọ́tùn-ún, wọ́n á kọ́kọ́ wo ojú ara wọn ná. Lọ́jọ́ kan, Gogoro ju bọ́ọ̀lù nù níbi ìgbaradì, ọmọ kan sì gbàgbé ara rẹ̀, ó figbe ta: "Àgbà, orí ọmọ tuntun ti wọ́ o!" Ọmọ náà fọwọ́ bo ẹnu. Wọn ò lè ṣe ìgbaradì kankan mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Kò sí ẹni tó tún ju fóònù sínú àpò. Kóòṣì ò sì bèèrè. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń to fóònù wọn sí, ojú rẹ̀ sókè, mẹ́wàá gbáko. Bí wọ́n bá ti sáré kọjá níbẹ̀, olúkúlùkù á bojú wo tirẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ti Tínńtín dún. Ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láàárín pápá, ó fò mọ́ ọn.

"Màmá! Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ẹ wà láàyè?"

Gbogbo wọn gbọ́ ohùn obìnrin náà: "Irú ìbéèrè wo nìyẹn, ọmọ yìí? Àlùbọ́sà ni mò ń rà! Mo ní kí n bi ẹ́ bóyá o máa wálé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Tínńtín ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di fóònù náà mú pẹ́ lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ ti pa á.

Nínú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ ni Gogoro ti wá bi Kóòṣì léèrè lójú gbogbo wọn. Kò fi ìbínú bi í. "Kóòṣì, ẹ má bínú o. Bí ìyá tèmi bá kú lọ́la, tó sì jẹ́ pé a ní ìdíje, ṣé ẹ máa sọ fún mi?"

Ó yẹ kó dáhùn kíá. Ó la ẹnu, ẹnu náà wà ní lílà, kò sí ohun tó jáde. Àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í di okùn bàtà wọn.

Nígbà tó ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ níbi oúnjẹ àárọ̀, obìnrin náà gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti sọ fún mi pé ẹbí ló ní kẹ́ ẹ dákẹ́? Mo ti kà á dé mẹ́jọ. Ẹni tí ara rẹ̀ mọ́ kì í sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ bá ọmọ yẹn."

Ilé búrẹ́dì tí ìyá Àgbà ti ṣiṣẹ́ ló ti bá a. Wọ́n ti fún ọmọ náà ní ipò ìyá rẹ̀ láàárọ̀, ọ̀sán ló kù fún ilé-ẹ̀kọ́. Ó dúró nídìí tábìlì gígùn kan, ó ń fi irin pẹlẹbẹ họ ìyẹ̀fun tó ti gbẹ kúrò lára páànù. Nígbà tó rí Kóòṣì, ó tẹ orúnkún díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Mo wá bẹ̀ ọ́ ni."

"Bọ̀dá mi náà ti bẹ̀ mí. Mo ti mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ní ẹbí ló ní kẹ́ ẹ má sọ."

"Òótọ́ tí mò ń fi bo irọ́ mọ́lẹ̀ nìyẹn," ni Kóòṣì wí. Ọwọ́ ọmọ náà dúró lára páànù. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n má sọ. Kò ní kí n jẹ́ kó o gbá bọ́ọ̀lù. Èmi ni mo fẹ́ borí. Mo rò ó nínú bọ́ọ̀sì, mo rí i pé bí o kò bá sí nínú pápá, wọ́n á lù wá. Ìyẹn ni mo fi ṣáájú ìyá rẹ. Kò sí ẹlòmíràn tó rán mi."

Ọmọ náà họ páànù yẹn títí ó fi mọ́, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa òmíràn.

"Ẹ mọ èyí tó ń dùn mí jù? Kì í ṣe pé mo gbá bọ́ọ̀lù. Bí Màmá mi bá wà níbẹ̀, á ní kí n lọ gbá a. Ẹ̀rín yẹn ni. Mo rẹ́rìn-ín sí yín, mo tún ṣẹ́jú. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́, àwọn oníbúrẹ́dì ti gbọ́, ẹ̀yin náà ti gbọ́, èmi tí mo ni ìyá ni mò ń ṣe yẹ̀yẹ́ kiri láàárín yín. Nínú bọ́ọ̀sì mo ní, ṣé ènìyàn kú ni. Ẹ gbọ́ mi."

"Mo gbọ́."

"Ẹ dákẹ́."

"Mo dákẹ́."

Omijé ń bọ́ sínú ìyẹ̀fun tó wà lórí tábìlì, kò sì nù ún, nítorí ọwọ́ rẹ̀ funfun báláú. "Mi ò lè padà, sà. Mi ò fẹ́ gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù nílẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ kan ń gbá a níwájú ilé wa níjọ́sí, mo sá wọ ilé ìwẹ̀."

"Mi ò wá ní kó o padà."

"Kí lẹ wá ṣe nígbà náà?"

"Mo wá sọ òótọ́."

"Ó ti pẹ́ jù."

"Ó ti pẹ́ jù," ni Kóòṣì tún un sọ. Ó fẹ́ máa lọ. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí ọmọ náà pè é.

"Tínńtín ńkọ́?"

"Kì í bá mi sọ̀rọ̀."

"Ẹ sọ fún wọn. Gẹ́gẹ́ bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí. Ẹ má fepo sí i, ẹ má fiyọ̀ sí i. Àwọn ọmọ yẹn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Kóòṣì kó àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jọ sáàárín pápá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú wọn, ohun tí kò ṣe rí. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ó ní òun ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìdíje tó kù lọ́ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun máa fi kógbá wọlé, obìnrin kan tó ṣì lágbára lẹ́sẹ̀ ni wọ́n máa fi rọ́pò òun. Ó yíjú sí Gogoro. "Ìbéèrè tó o bi mí níjọ́sí, mi ò lè dáhùn rẹ̀ nítorí mi ò mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìdáhùn yẹn ò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń fi ọmọ ọlọ́mọ sí lọ́wọ́."

Ẹkún Tínńtín ló kọ́kọ́ sọ.

"Èmi ni," ó wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ bọ́ọ̀lù nù. Ká ní mi ò sọ ọ́ nù ni, kì bá tí kan Àgbà pé kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù yẹn rárá. À bá ti borí, Àgbà ì bá sì ti jókòó. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló ti ń gbé ẹrù yẹn kiri, kò sì sí ẹni tó mọ̀. Gogoro fà á mọ́ra. Ọmọ kan ní òun ló yẹ kó dúró lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà tí òun ò sí níbẹ̀. Òmíràn ní òun gbọ́ tí Kóòṣì ní kí àwọn padà sẹ́yìn, òun ò padà. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn, olúkúlùkù ń fa èèpá egbò tirẹ̀. Kóòṣì jókòó sáàárín wọn, ó tẹ́tí. Wọn ò dárí jì í. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni wọ́n tún bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Wọ́n pàdánù ìdíje ìkẹyìn náà. Àmì mẹ́ta ni wọ́n fi lù wọ́n, ẹgbẹ́ náà sì ṣe ìkẹyìn pátápátá lọ́dún yẹn. Tínńtín gbé bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́ nù. Wọ́n ń pe ara wọn lórúkọ láàárín pápá, wọ́n ń fa ẹni tó bá ṣubú dìde. Nígbà tí fèrè ìparí dún, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá lọ pààrọ̀ aṣọ.

Ẹ̀yìn ìgbà tí èrò ti tú ká tán ni Àgbà tó wọlé. Ìta ló ti dúró látìgbà tí eré ti bẹ̀rẹ̀, òun àti bàbá rẹ̀, níbi tí ìró bọ́ọ̀lù ò ti fi bẹ́ẹ̀ dé. Ó lọ bá àwọn ọmọ nínú yàrá wọn. Ẹkún sọ, ẹ̀rín sì tẹ̀ lé e. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ pa pátákó ilẹ̀kùn náà láti wò ó bóyá igi rẹ̀ dára.

Nígbà tí Àgbà jáde, ó bá Kóòṣì nìkan nínú gbọ̀ngàn, ó ń gbìyànjú láti wọ́ bẹ́ǹṣì gígùn kan lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí. Ọ̀kan lára ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì náà ń ha ilẹ̀ kakaka. Ọmọ náà dúró, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà, ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó sì gbá òdì kejì mú.

"Mi ò tíì dárí jì yín o, sà."

"Mo mọ̀."

"Bẹ́ǹṣì yìí ló wúwo jù fún ẹnì kan."

Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n sì padà wá gbé ìkejì.